Òkú Rájí Tí Mo Fi Pa Yín Lẹ́rìn-ín

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń nàka sí mi ní Old Garage, nílùú Òṣogbo, pé onífíìmù tó ń sọ òótọ́ ló ń kọjá lọ yẹn, ẹ dúró kẹ́ ẹ gbọ́. Èmi Elisha, ọmọ Iléṣà, irọ́ ni mo pa fún yín, irọ́ náà sì ti ba ayé obìnrin kan jẹ́ ní Òkè Baálẹ̀. Ara mi le, ọlọ́pàá kankan ò sì mú mi. Ojú ló ń tì mí. Inú sì ń bí mi, sí ara mi ná, kó tó wá kan ẹ̀yin náà.

Gbogbo yín lẹ mọ fíìmù mi, "Ẹ Pàtẹ́wọ́ fún Olè." Àwọn oníròyìn ni mo fẹ́ fi ṣe yẹ̀yẹ́, àwọn tó jẹ́ pé bí adigunjalè bá ti pànìyàn tán, wọ́n á máa bi í léèrè lórí rédíò pé ọṣẹ wo ló fi ń wẹ̀ tí ara rẹ̀ fi ń dán báyìí. Ẹni bá na ìka kan sí èèyàn, ara rẹ̀ ni mẹ́ta tó kù ń nà sí. Èmi ò wo ọwọ́ mi.

Nígbà tí mo ń kọ ìtàn náà, mo ń wá ẹni tí ojú rẹ̀ ti rí nǹkan, wọ́n sì júwe Àpìkẹ́, ìyá Kàósárà, fún mi. Rájí ọkọ rẹ̀, fọganáísà ni. Ọ̀nà Òṣú ni àwọn adigunjalè ti dá tọkọtìyàwó náà lọ́nà, ojú ìyàwó ni wọ́n sì ṣe pa ọkọ. Obìnrin náà fún mi lómi tútù, ó sunkún, ó sì sọ gbogbo rẹ̀ fún mi. Ó ní nígbà tí Rájí rí i pé ikú dé, ó bẹ̀ wọ́n pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n bọ́ bàtà ná, kí n kírun." Ó ti bọ́ ẹsẹ̀ kan, ó ń tú okùn ìkejì lọ́wọ́ ni wọ́n yìnbọn. Ó wá bẹ̀ mí pé kí n má fi ọkọ òun ṣe ẹlẹ́yà. Mo ní kí Ìyá Kàósárà fọkàn balẹ̀. Ẹnu mi tí mo fi ń jẹun yìí ni mo fi sọ ọ́.

Nígbà tí a ń dán eré náà wò, ọ̀rọ̀ bàtà pa àwọn òṣèré lẹ́rìn-ín. Bó ṣe dórí ìrun, gbogbo wọn dákẹ́. Julianah, tí a jọ ń darí eré náà, ní kí a yọ ibẹ̀ kúrò pátápátá, pé ọ̀rọ̀ òkú ni. Mo ní kò mọ ohun tí èrò ń fẹ́. Mo gé ìrun dànù, mo fi bàtà sílẹ̀, mo sì ní kí Barnabas, tó ṣe olè, dá ọkùnrin náà lóhùn, bí ẹni tó fẹ́ gba bàtà náà wọ̀, pé, "Rọra bọ́ ọ o, nọ́ńbà mi ni." Ìkà ni mí.

Ẹ ò rántí oníròyìn kankan nínú fíìmù náà. Barnabas lẹ fẹ́ràn. Ẹ ra irú fìlà rẹ̀ fọ́mọ, kọ̀ńdọ́ sì ń pariwo "Bọ́ bàtà ná!" sí èrò tí kò tètè wọkọ̀. Rédíò pè wá, wọ́n bi Barnabas léèrè ọṣẹ tó fi ń wẹ̀. Mo jókòó tì í, mo ń rẹ́rìn-ín.

Èyí tó burú jù ni ti ọjọ́ tí a kọ́kọ́ fi fíìmù náà hàn ní Òṣogbo. Bí gbogbo gbọ̀ngàn ṣe bú sẹ́rìn-ín níbi ọ̀rọ̀ bàtà, Àpìkẹ́ dìde láàárín èrò, ó di ọwọ́ Kàósárà ọmọ rẹ̀ mú. Kò pariwo. Ó ní, "Ọ̀gbẹ́ni Elisha, ìrun tí ọkọ mi fẹ́ kí, níbo lẹ gbé e sí?" Mo gba makirofóònù. Mo ní n ò rí obìnrin náà rí, pé inú orí mi ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà ti wá, pé ó jọ pé orí rẹ̀ ti dàrú. Ẹ pàtẹ́wọ́ fún mi. Àwọn ẹ̀ṣọ́ gbọ̀ngàn fà á jáde bí ẹní fa ewúrẹ́. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pè é ní òpùrọ́ ládùúgbò.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo pàdé Kàósárà lójú títì, ẹsẹ̀ lásán ló fi ń rìn nínú oòrùn. Mo bi í léèrè bàtà rẹ̀. Ó ní òun ti bọ́ ọ sílé kí àwọn ọmọ má baà máa pariwo "nọ́ńbà mi ni" lé òun lórí mọ́.

Mo tẹ̀ lé e délé, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú ìyá rẹ̀. Àpìkẹ́ ní, "Ẹ dìde. Èmi kọ́ lẹ parọ́ fún. Ẹ lọ bá àwọn tó pàtẹ́wọ́."

Ìdí tí mo fi ń bá yín sọ̀rọ̀ nìyí. Àpìkẹ́ ò parọ́, orí rẹ̀ ò sì dàrú. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń gbé kámẹ́rà kiri, bí ẹkún èèyàn bá bọ́ sí yín lọ́wọ́, ẹ má gé e kúrú nítorí ẹ̀rín. Mi ò tíì ní kẹ́ ẹ dárí jì mí. Ẹ kọ́kọ́ lọ bẹ obìnrin náà nílé rẹ̀, torí èmi àti ẹ̀yin la jọ fà á jáde.