Òdo Tí Mo Kọ fún Ilẹ̀kùn Ẹ̀yìn

Ẹ̀yin ọmọ Bàbá Tọ́ọ̀ṣì, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán kí ẹ tó bínú. Irọ́ mi ti lọ fún ọdún mọ́kànlá. Òní ni òtítọ́ bá a. Dókítà ní ó ku ọ̀sẹ̀ díẹ̀ fún mi, n kò sì fẹ́ gbé e wọ sàréè. Bàbá yín kò jalè. Èmi ni mo jẹ́ kí wọ́n pè é lólè.

Èmi olùkọ́ ìṣirò ni yunifásítì ní kí n wá ibi tí wọn yóò gbé kámẹ́rà méjìlélógún sí. Ọgọ́ta ibi ló ń fẹ́ ẹ. Mo fún ibi kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà, bí èrò ṣe ń gba ibẹ̀ sí àti bí nǹkan ṣe ń sọnù níbẹ̀ sí, kí kọ̀ǹpútà lè yan ibi tí kámẹ́rà díẹ̀ yóò ti rí ohun tó pọ̀ jù. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn yàrá àyẹ̀wò gba mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni èmi ọ̀lẹ máa ń gbà sá lọ sílé lọ́sàn-án, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ á máa retí mi. Mo pa mẹ́sàn-án rẹ́, mo kọ òdo. Kọ̀ǹpútà kò bi mí léèrè, kò sì yan ibẹ̀ fún kámẹ́rà kankan. Wọ́n tilẹ̀ pàtẹ́wọ́ fún mi.

Kò pé oṣù mẹ́ta tí ẹ̀rọ mẹ́rin fi pòórá ní yàrá náà. Kámẹ́rà iwájú kò rí ẹnì kankan àfi bàbá yín, ọlọ́dẹ tó ń tan tọ́ọ̀ṣì lójú oòrùn, tí gbogbo wa fi ń ṣe yẹ̀yẹ́. Ó wá bá mi ní ọ́fíìsì.

“Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin lẹ pín kámẹ́rà yìí. Ẹ ṣáà bá mi sọ fún wọn pé kò sí èyí tó ń wo ẹ̀yìn.”

Mo ní kó fọkàn balẹ̀. Ó súre fún mi, fún èmi ìkà yìí, ó sì lọ.

Lọ́jọ́ kejì, níwájú bàbá yín, ìgbìmọ̀ tó ń wádìí olè náà bi mí bóyá ẹnì kan lè gba ẹ̀yìn wọlé kí kámẹ́rà má rí i. Bí mo bá ní bẹ́ẹ̀ ni, wọn yóò bèèrè ìdí tí mo fi kọ òdo.

Mo ní, “Rárá. Kámẹ́rà ilé ìkàwé ń rí ibẹ̀.”

Bàbá yín wò mí. Ó tú bẹ́líìtì iṣẹ́ rẹ̀, ó ká a, ó gbé e sórí tábìlì. Mo gbọ́ pé láti ọjọ́ náà ni kò ti fẹ́ jáde nílé mọ́, títí ó fi kú. Ojú tì mí débi pé n kò wá kí yín.

Lẹ́tà tí mo kọ sí yunifásítì nìyí. Mo ti fọwọ́ sí i. Ẹ forí jì mí. Bí kò bá ṣeé ṣe, ẹ ṣáà bá mi kà á sókè ní àdúgbò yín, kí gbogbo ẹni tí kò kí bàbá yín mọ́ lè gbọ́.