Ẹni Tó Ń Bá Baba Sọ̀ Ọ́

Inú lọ́rì tó ń ti Ìjàn bọ̀ wá sí Adó ni mo ti gbọ́ ọ, láyé ìgbà tí lọ́rì ṣì ṣọ̀wọ́n. Baba àgbà kan ṣẹ̀ṣẹ̀ gbàdúrà ìrìnàjò tán, gbogbo wa sì ti ṣe àmín, ni obìnrin Mùsùlùmí kan tó ń ta aṣọ bá kọjú sí ìyá oníṣọ́ọ̀ṣì tó jókòó tì í.

“Ìyá, àmín tí ẹ ṣe yẹn, tiwa ni o. Mẹ́kà ló ti wá.”

“Inú Bíbélì ni mo ti bá a, ọmọ mi. Kí ó tó dé rárá, àṣẹ ni yèyé mi ń wí ní ulé wa.”

“Àṣẹ náà ni ìyá tèmi ń wí.”

“Ṣé obìnrin máa ń ṣáájú àdúrà ní mọ́sáláṣí yín?”

“Rárá. Ẹ̀yìn la máa ń wà.”

“Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ṣọ́ọ̀ṣì wa. Ṣùgbọ́n ẹrù ńlá ni àdúrà. Ọkùnrin lè rù ú wá, kò lè dá a sọ̀.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí.

Nígbà tí a dé Adó, baba tún gbàdúrà, ó gùn. Àwọn méjèèjì panu mọ́, wọn kò ṣe àmín. Baba la ojú kan.

“Ẹ̀yin ìyá,” ó ní, “ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ̀ ọ́. Ọrùn ti ń dùn mí.”