Àáró Tí Mo Kọ Sínú Ìwé Ìwádìí Mi

Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń ka ojú ewé yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà mí tán kí ẹ tó bú mi. Ó ti lé lọ́dún mẹ́ta tí ọ̀rọ̀ yìí ti wà nínú mi. Mi ò sọ ọ́ fún ọkọ mi, mi ò sọ ọ́ fún ìyá tó bí mi. Ohun tó jẹ́ kí n la ẹnu báyìí ni pé ní ọjọ́ Jímọ̀ tó ń bọ̀, ẹnì kan ń bọ̀ wá yá ìwé kan lọ́wọ́ mi, ìwé náà ló sì máa tú àṣírí mi.

Igbó-Ọrà ni mò ń gbé. Iléeṣẹ́ kan tó ń fi ẹ̀gẹ́ ṣe gààrí àti fùfú ni mo ti ń ṣiṣẹ́, lójú ọ̀nà Èrúwà. Àwọn àgbẹ̀ á kó ẹ̀gẹ́ wá láti Tápà àti Ayétẹ̀, àwa obìnrin á jókòó yí i ká, a ó máa bẹ ẹ́. Mo ti ka ìwé mẹ́wàá, síbẹ̀ ọ̀bẹ ni mo mú lọ́wọ́ fún ọdún mẹ́sàn-án. Mo máa ń wo àwọn tó jókòó nínú ọ́fíìsì, mo máa ń bi ara mi pé kí ni wọ́n fi jù mí lọ. Mo fẹ́ ọ́fíìsì yẹn ju bó ṣe yẹ lọ.

Ni mo bá forúkọ sílẹ̀ ní yunifásítì kan tí èèyàn ti lè jókòó sílé kẹ́kọ̀ọ́. Ẹ̀kọ́ nípa àmójútó òṣìṣẹ́, tí àwọn ará ọ́fíìsì ń pè ní HR, ni mo yàn. Orí fóònù ni gbogbo rẹ̀. Nítorí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ìdí igi máńgòrò kan lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí àdúgbò wa ni mo ti ń gbọ́ ẹ̀kọ́ mi lẹ́yìn ìrun àsárì. Àwọn èèyàn fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí. Wọ́n ní Ìyá Fàrúùkù ti ń bá igi sọ̀rọ̀, kí wọ́n tètè wá nǹkan ṣe sí i.

Ìdánwò nìkan ni kì í ṣe orí fóònù. Ìbàdàn la ti ń ṣe é, ọjọ́ iṣẹ́ ló sì máa ń bọ́ sí. Ọ̀gá wa kì í gbọ́ ẹ̀bẹ̀. Ẹni tí kò bá fọwọ́ sí ìwé ní àárọ̀, kò wá síbi iṣẹ́ nìyẹn. Ẹni tó bá pa iṣẹ́ jẹ lẹ́ẹ̀mẹta, ilé yá.

Ibẹ̀ ni àáró ti wọ ọ̀rọ̀ náà. Ẹ̀yin náà mọ àáró: èmi á bá ọ roko lónìí, ìwọ á bá mi ro tèmi lọ́la. Àwọn obìnrin ibi iṣẹ́ wa ti sọ ọ́ di ti ìwé àárọ̀. Bí ọmọ ẹnì kan ò bá yá, tàbí tó fẹ́ ná ọjà Lánlátẹ̀, ẹlòmíràn á fọwọ́ sí ìwé fún un, á sì bẹ ẹ̀gẹ́ tirẹ̀ mọ́ ti ara rẹ̀. Tó bá di ọjọ́ mìíràn, ẹni tí wọ́n ṣe fún á san án padà. Iṣẹ́ ò dúró rárá. Ọ̀gá ò sì mọ̀.

Ìyá Sùrá ló ń ṣe tèmi. Ó dàgbà jù mí lọ dáadáa. Ọwọ́ òsì ló fi ń bẹ ẹ̀gẹ́, kò sì sí ọlọ́wọ́ ọ̀tún tó lè bá a nínú gbogbo wa. Kò kàwé rárá. Odidi ọ̀sẹ̀ kan ló fi kọ́ bí mo ṣe ń fọwọ́ sí ìwé, orí ilẹ̀ ló ti ń fi igi kọ ọ́, tí à ń fi í rẹ́rìn-ín.

Ó ní, "Ìyá Fàrúùkù, lọ ṣe ìdánwò ẹ. Ọjọ́ tó o bá dọ̀gá, má jẹ̀ẹ́ kí wọ́n máa fojú wa gbolẹ̀."

Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni mo lọ sí Ìbàdàn, ẹ̀ẹ̀mẹfà ló bá mi fọwọ́ sí i. Mi ò san àáró náà padà ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ. Kò bèèrè.

Nígbà tó ku díẹ̀ kí n parí, olùkọ́ mi ní kí n ṣe ìwádìí níbi iṣẹ́ mi, lórí ohun tó ń mú kí òṣìṣẹ́ máa pa iṣẹ́ jẹ. Mo kó àwọn obìnrin jọ nígbà oúnjẹ ọ̀sán. Mo fi Ọlọ́run búra fún wọn pé mi ò ní kọ orúkọ ẹnikẹ́ni. Torí pé ọ̀kan lára wọn ni mí, wọ́n sọ gbogbo rẹ̀.

Lóòótọ́, mi ò kọ orúkọ kankan. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ ìwà òmùgọ̀ mi. Olùkọ́ mi ti ní iṣẹ́ náà gbẹ jù, pé kí n fi àpẹẹrẹ èèyàn gidi sí i. Mo bá kọ ọ́ pé obìnrin kan wà tó ń fi ọwọ́ òsì bẹ ẹ̀gẹ́, pé òun ló ń fọwọ́ sí ìwé fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jù. Mo rò pé mo ti fi í pamọ́. Ọlọ́wọ́ òsì mélòó ló wà níbi iṣẹ́ wa? Òun nìkan.

Mo kọ ti gbogbo wọn. Mi ò kọ tèmi. Èyí ló ń dùn mí jù.

Ilé-ìwé ní kí ọ̀gá iléeṣẹ́ fọwọ́ sí ìwé náà kí àwọn tó gbà á. Mo rò pé kò ní kà á. Ó kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ó pè mí wọlé, ó yìn mí, ó ní èmi nìkan ni ojú mi là nínú gbogbo wọn. Ó wá ní kí n jókòó sídìí kọ̀ǹpútà òun, kí n tẹ lẹ́tà tí wọ́n máa fi dá Ìyá Sùrá dúró, kí n fi kọ́ṣẹ́. Mo lè sọ pé, "Ẹ dákun sà, èmi náà wà níbẹ̀." Gbólóhùn kan péré ni. Mi ò sọ ọ́. Mo tẹ lẹ́tà náà. Kí n má parọ́ fún yín, bí mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́, inú mi ń dùn pé Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ já gaara.

Èmi náà ni mo kà á fún un, torí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀bẹ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó ní, "Ta ló lọ sọ?"

Mo ní, "Ọlọ́run ló mọ̀ ọ́n, Ìyá Sùrá. Ẹ má bínú."

Ó gbé ọ̀bẹ náà sílẹ̀. Ó ní, "Ṣé wọn ò mọ̀ nípa tìẹ?"

Mo ní wọn ò mọ̀.

Ó ní, "Alihamudulilahi. Má sọ o. Parí ìwé ẹ."

Mo parí rẹ̀. Wọ́n fún mi ní ọ́fíìsì, èmi ni mo ń tọ́jú ìwé àárọ̀ báyìí. Kò sí àáró mọ́. Ìyá Sùrá ń lọ bẹ ẹ̀gẹ́ fún àwọn ẹlẹ́lùbọ́ káàkiri, ẹsẹ̀ ló fi ń rìn lọ, ìbàdí sì ti ń dùn ún. Tó bá rí mi lójú ọ̀nà, á pè mí ní ọ̀gá òun, á sì ṣàdúrà fún mi. Mo máa ń yà gba ọ̀nà mìíràn. Ojú ń tì mí gan-an.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, òun àti ọmọ rẹ̀ Sùrá wá sílé mi. Iṣẹ́ irun dídì ni Sùrá ń ṣe, ó fẹ́ fi í sílẹ̀ kó lọ kọ́ ẹ̀kọ́ tí mo kọ́, láti ilé bíi tèmi. Wọ́n ní kí n yá a ní ìwé ìwádìí mi, kó fi mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Kí n tó rí irọ́ pa, Ìyá Sùrá ní òun gbọ́ pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ èèyàn níwájú ìwé wọn. Ó ní ṣé mo kọ orúkọ òun síbẹ̀.

Orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀ lóòótọ́. Mo ní ó wà níbẹ̀. Ó fi ẹ̀gbẹ́ ìborùn nu ojú, ó ní Sùrá yóò wá gba ìwé náà ní Jímọ̀, yóò sì kà á fún òun.

Sùrá gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa. Tó bá ka ìdúpẹ́ tán, ó máa ṣí ìwé náà lọ títí dé ewé tí mo kọ ọ̀rọ̀ ọlọ́wọ́ òsì sí.

Mo rò ó pé kí n fa ewé yẹn ya. Mo rò ó pé kí n sọ pé òjò ti pa ìwé náà. Ẹ jọ̀ọ́, mo mọ̀ pé kò yẹ. Mo mọ̀ pé ó yẹ kí n lọ bá a kí Jímọ̀ tó pé, kí n kúnlẹ̀. Ẹ má rò pé èèyàn burúkú ni mí, ẹ̀rù ló ń bà mí. Wọ́n kọ́ wa bí a ṣe ń kọ lẹ́tà ìkìlọ̀, wọ́n kọ́ wa bí a ṣe ń dá òṣìṣẹ́ dúró. Wọn ò kọ́ wa ní èyí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ìyá, tí mo bá dé ọ̀dọ̀ Ìyá Sùrá, tí inú rẹ̀ dùn pé mo wá, tó sì gbé àga fún mi, kí ni kí n kọ́kọ́ sọ?