Orúkọ Àǹtí Dúpẹ́ Tí N Kò Kọ

Orin kan wà tí rédíò máa ń lò láràárọ̀, tí mo bá ti gbọ́ ọ, ṣe ni mo máa ń pa rédíò náà. Ohùn mi ló wà níbẹ̀ o. Àmọ́ èmi nìkan kọ́ ni mo ṣẹ̀dá ẹ̀, ibẹ̀ sì lọ̀rọ̀ wà.

Èmi àti Àǹtí Dúpẹ́ jọ ń ṣiṣẹ́ níléeṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe ike ní Ìsọlọ̀ ni. Wọ́n jù mí lọ, àwọn ni wọ́n sì mú mi wọ ẹgbẹ́ akọrin ìjọ wọn ní Ailegun. Níbi tá a ti ń to ife oníke sínú páálí ni ègbè orin yẹn ti sọ sí wọn lọ́kàn. Èmi wá fi ìyókù sí i. Nígbà tá a gbé e jáde, rédíò bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó. Ẹnìkan ní ìjọ ló sọ fún wa pé owó wà fún ẹni tí wọ́n bá ń lo orin rẹ̀, pé àwọn ẹgbẹ́ kan ló máa ń bá èèyàn gbà á, àmọ́ ká yan ẹyọ kan ṣoṣo, torí orin kan kì í wà lábẹ́ ẹgbẹ́ méjì.

Àǹtí Dúpẹ́ ní, "Ìyá Tóbi, má jẹ̀ẹ́ ká kánjú. Jẹ́ ká bi àwọn tó ti wà níbẹ̀, ṣé wọ́n ń sanwó déédéé, ṣé èèyàn lè jáde tí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn." Ọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n! Àmọ́ ìyá wọn ń ṣàìsàn, ọ̀sẹ̀ kan di mẹ́ta, ara mi ò gbà á mọ́. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan, mo dá lọ sí ọ́fíìsì ọ̀kan nínú wọn l'Óṣòdì, lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan tó kọjú sí ojú irin. Ọkùnrin tó dá mi lóhùn ò tàn mí, n kò ní parọ́ mọ́ ọn. Ó ní, "Màdámù, ṣé ẹ̀yin nìkan lẹ ṣẹ̀dá orin yìí?" Àyè orúkọ mẹ́ta ló wà lórí fọ́ọ̀mù. Mo ní, "Èmi nìkan ni."

Kí ló dé? Mo sọ fún ara mi pé n kò mọ nọ́ńbà báńkì Àǹtí Dúpẹ́ ni. Irọ́ ni! Ó wù mí kí nǹkan kan láyé yìí jẹ́ tèmi nìkan ni.

Nígbà tí Àǹtí Dúpẹ́ parí ìwádìí wọn, wọ́n lọ sí ẹgbẹ́ kejì láti forúkọ àwa méjèèjì sílẹ̀. Àwa méjèèjì! Ibẹ̀ ni wọ́n ti gbọ́ pé orin náà ti ní ẹni tó ni ín. Wọn ò pariwo. Wọ́n kàn bá mi lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n ní, "Ṣé orúkọ mi gùn jù ni?"

Mo ti padà lọ sí Òṣòdì. Wọ́n ní àtúnṣe ṣeé ṣe bí àwa méjèèjì bá jọ fọwọ́ síwèé. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti gbé ìwé náà lọ sílé Àǹtí Dúpẹ́. Wọ́n fún mi lómi, wọ́n béèrè Tóbi, wọn ò fọwọ́ kan ìwé. Lẹ́ẹ̀kejì wọ́n ní, "Bí mo bá fọwọ́ sí i, wàá rò pé ó ti parí."

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ yan ẹgbẹ́, ẹ wádìí wọn dáadáa o, ṣùgbọ́n ẹ mú ẹni tẹ́ ẹ jọ ṣẹ̀dá orin dání lọ. Ẹ̀tẹ́ ní í gbẹ̀yìn àdánìkànjẹ.

Ìkórè ìjọ wa ti dé tán, wọ́n ní orin yẹn la máa kọ. Àǹtí Dúpẹ́ ní àwọn á wá, àmọ́ àárín èrò làwọn á jókòó sí. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ṣé kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ níwájú gbogbo ìjọ kí n tó gbé orin, àbí ojú Àǹtí Dúpẹ́ ni mo tún máa fi ìyẹn tì?