Ọgbà Tó Parẹ́ Nínú Kọ̀mpútà

"Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kí ọ̀fun mi tó dí." Bí ọkùnrin náà ṣe bẹ̀rẹ̀ ètò rẹ̀ orí íńtánẹ́ẹ̀tì lọ́sàn-án Sátidé náà nìyẹn. "Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo ti gbé mì tipẹ́. Kò dà nínú mi. Òní ni mo máa bì í."

Kì í ṣe ohun tí àwọn olùgbọ́ rẹ̀ ń retí nìyẹn. Àwọn géèmù tuntun jáde lọ́sẹ̀ náà, àwọn tó ń fi Linux, ètò ọ̀fẹ́ tí àwọn kan fi ń darí kọ̀mpútà dípò Windows, ṣeré sì ti ń dúró de ẹni tí wọ́n sọ ní Ẹnu-Kì-í-Purọ́, kí ó wá sọ èyí tó dára, èyí tó máa ń gan pa lójijì, àti lọ́ńṣà tó yẹ kí wọ́n fi ṣí i. Lọ́ńṣà ni ètò tí èèyàn fi ń kó gbogbo géèmù rẹ̀ jọ sójú kan lórí kọ̀mpútà, tó sì fi ń ṣí wọn. Ọ̀pọ̀ géèmù ni àwọn tó ṣe é kò tiẹ̀ ro ti àwọn oní-Linux mọ́ ọn rárá, nítorí náà ẹni tó bá fẹ́ ṣeré níbẹ̀ gbọ́dọ̀ rí ẹni tó mọ ọ̀nà. Ọkùnrin yìí ló mọ ọ̀nà. Bó bá ní "Ẹ rà á," wọ́n á rà á. Bó bá ní "Ẹ má fọwọ́ kàn án," géèmù náà kú nìyẹn.

Títún kọ̀mpútà ṣe ni iṣẹ́ oòjọ́ rẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ò ju yàrá kan lọ: tábìlì tí iná ti jó lójú lójú, nọ́ọ̀tì kéékèèké nínú ìdérí agolo, fáànù kan tó ń yí bí ẹni tí wọ́n fipá mú. Ìkángun tábìlì yẹn ló gbé makirofóònù sí. Ìyàwó rẹ̀, tíṣà ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ló máa ń bá a tún ohùn náà ṣe, tó máa ń gé ikọ́ àti àṣìsọ kúrò kí wọ́n tó gbé e síta.

Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an ni dókítà sọ fún un pé àwọn máa ṣiṣẹ́ abẹ fún ọ̀fun rẹ̀, pé ohùn lè padà, ó sì lè má padà. Ẹ̀rù ikú ò bà á tó bẹ́ẹ̀. Ó ti rẹ̀ ẹ́ ni. Àpò símẹ́ǹtì wúwo, ṣùgbọ́n ó ṣeé sọ̀ kalẹ̀. Irọ́ ò ṣeé sọ̀ níbikíbi.

"Ìyá wọn," ó ní kó tó tan makirofóònù, "ohunkóhun tí mo bá sọ lónìí, má gé e."

"Mi ò ní gé e," ìyàwó rẹ̀ dáhùn láìgbójú sókè. "Èyí tí mo gé nígbà yẹn ṣì ń jẹ mí lọ́kàn."

Ọkùnrin náà wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń gun òkè.

Obìnrin kan wà ní ọ̀pọ̀ ọdún sẹ́yìn tí gbogbo wọn ń pè ní Ìyá Ìbejì. Bí àwọn ìbejì rẹ̀ bá ti sùn ló máa ń jókòó ti kọ̀mpútà, bẹ́ẹ̀ ló sì ṣe kọ lọ́ńṣà kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, tó fún gbogbo ayé lọ́fẹ̀ẹ́. Kọ̀mpútà ògbólógbòó tí ẹlòmíràn ti fẹ́ dà sí ààtàn, lọ́ńṣà náà á ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Ọkùnrin yìí ló kọ́kọ́ yìn ín. "Lọ́ńṣà àwọn olówó," ló sọ lórí ètò rẹ̀, "á kọ́kọ́ bi ọ́ léèrè orúkọ baba tó bí baba rẹ kó tó ṣílẹ̀kùn. Ti obìnrin yìí, o kanlẹ̀kùn, ó ní, 'Ẹ wọlé.'" Inú Ìyá Ìbejì dùn, ó pè é lórí fóònù, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun, ẹ ò ní ríbi o."

"Ẹ gbọ́ o," ọkùnrin náà sọ sínú makirofóònù, "bí mo ṣe ń yìn ín, bẹ́ẹ̀ ni inú ń bí mi. Èmi náà ti bẹ̀rẹ̀ lọ́ńṣà kan rí, kò dìde. Ẹ̀mí burúkú ló wà nínú mi, èmi ni mo sì ń bọ́ ọ."

Nígbà tó yá, géèmù tuntun kan jáde, ó ń gan lórí lọ́ńṣà Ìyá Ìbejì. Àwọn olùgbọ́ ní kí Ẹnu-Kì-í-Purọ́ bá àwọn wá nǹkan ṣe sí i. Ó yẹ kó dán an wò. Kò dán an wò. Wọ́n kúkú ń pè é ní ọ̀gá, ọ̀gá kì í sì í ní "mi ò mọ̀." Ó la ẹnu, ó ní, "Ẹ wá fódà tí lọ́ńṣà náà ń lò, kí ẹ pa á rẹ́ pátápátá. Ìdọ̀tí ló wà níbẹ̀. Ó máa fúnra rẹ̀ ṣe òmíràn."

Kì í ṣe ìdọ̀tí ló wà níbẹ̀. Inú fódà yẹn ni lọ́ńṣà náà ń tọ́jú ibi tí kálukú ṣeré dé sí.

Ọ̀kan nínú àwọn tó gbọ́ràn sí i lẹ́nu ni Bàbá Dírẹ́bà, àgbàlagbà kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu wíwa ọkọ̀ akẹ́rù. Ìyàwó Bàbá ló fẹ́ràn géèmù. Nígbà tí àìsàn so ó mọ́ bẹ́ẹ̀dì, géèmù ọgbà kan ló fi ń pa ìrora rẹ́: ó gbin òdòdó, ó kọ́ ilé kékeré, ó fi orúkọ àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ sọ àwọn adìyẹ. Ó ri pátákó kan mọ́ ẹnu ọ̀nà ọgbà náà, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé, "Bàbá, má gbàgbé láti bomi rin wọ́n." Lẹ́yìn tí Ìyá kú, Bàbá tí kò mọ géèmù tẹ́lẹ̀ á jí, á fọ ẹnu, á ṣí kọ̀mpútà, á bomi rin ọgbà aya rẹ̀. Bàbá ò fẹ́ kí ìdọ̀tí kankan ba ọgbà náà jẹ́, wọ́n pa fódà náà rẹ́ nítorí pé Ẹnu-Kì-í-Purọ́ ní kí wọ́n pa á rẹ́. Nígbà tí wọ́n ṣí géèmù padà, ilẹ̀ gbalasa ni wọ́n bá.

Bàbá gbé kọ̀mpútà náà wá sí ṣọ́ọ̀bù. Wọn ò bínú. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, bá mi wò ó, bóyá ó sá pamọ́ síbì kan." Ọkùnrin náà wá a títí, kò rí i. Ibẹ̀ ló ti yẹ kó sọ òótọ́. Kàkà bẹ́ẹ̀, ó ní, "Bàbá, lọ́ńṣà yẹn ló jẹ ẹ́. Ọmọbìnrin tó kọ ọ́ ò fara balẹ̀."

Lọ́jọ́ náà ló sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé, "Ibi tí mo ti ní kí wọ́n pa fódà rẹ́ nínú ètò ọ̀sẹ̀ tó kọjá, bá mi yọ ọ́ kúrò, kó o tún un gbé síta."

Ìyàwó rẹ̀ wò ó. "Bàbá wọn, ṣebí ìwọ lo sọ ọ́?"

"Mo ní kó o gé e."

Ó gé e. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ọkùnrin náà sọ fáyé gbọ́ pé ẹ̀dà tuntun lọ́ńṣà Ìyá Ìbejì ń jẹ nǹkan oní-nǹkan. Ẹyin lohùn, ó bọ́, ó sì fọ́. Èébú rọ̀ lé obìnrin náà lórí bí òjò. Àwọn tó rántí pé ọkùnrin náà ló ní kí àwọn pa fódà rẹ́ padà lọ gbọ́ ètò náà, wọn ò bá ọ̀rọ̀ ọ̀hún níbẹ̀, wọ́n ní àwọn ló ṣì í gbọ́. Ìyá Ìbejì pè é: "Ẹ̀gbọ́n, mo ti ka kóòdù mi tán, mo tún un kà, mi ò rí i. Ibo ni àṣìṣe yẹn wà? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi hàn mí." Ó ní, "Tún wò ó dáadáa." Obìnrin náà tún wò ó. Kí ló fẹ́ rí? Ohun tí kò sọnù ló ń wá.

Ọkùnrin náà fa makirofóònù mọ́ra. Ìyàwó rẹ̀ sún omi sí i, kò mu ún.

"Èyí tó burú jù ló kù," ó ní.

Ìyá Ìbejì wá sí ṣọ́ọ̀bù, ọmọ kan lẹ́yìn, ọmọ kan láyà, ó ní kó mú òun lọ bẹ Bàbá Dírẹ́bà. Ó mú un lọ. Ilé Bàbá mọ́ tónítóní, kọ̀mpútà náà wà lórí tábìlì, wọ́n fi aṣọ bò ó. Obìnrin náà kúnlẹ̀ tòun tàwọn ọmọ. Ó ní, "Bàbá, ẹ forí jì mí. Mi ò mọ ibi tí mo ti ṣì í, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi ló ti wá." Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Bàbá yíjú sí ọkùnrin náà, wọ́n ní, "Ìwọ tó o jẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kí lo wí sí i?"

"Mo ní," ohùn rẹ̀ ti ń há, "mo ní, 'Bàbá, ọmọdé ni. Mo bá a bẹ̀ yín. Ẹ dárí jì í.' Ẹ̀ṣẹ̀ tèmi ni mo bá ẹlòmíràn bẹ̀bẹ̀ fún. Bàbá fi ọwọ́ kan orí rẹ̀, wọ́n dárí ji ẹni tí kò ṣẹ̀ wọ́n. Ó tún dúpẹ́ lọ́wọ́ mi nígbà tá a jáde."

Láàárín oṣù náà, Ìyá Ìbejì yọ lọ́ńṣà náà kúrò nílẹ̀, ó sì gba iṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń dáhùn ìpè àwọn oníbàárà. Kò kọ kóòdù mọ́.

"Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ fẹ́ máa sọ èrò yín nípa géèmù," ọkùnrin náà fi parí ètò rẹ̀, "ẹ dán an wò kẹ́ ẹ tó sọ̀rọ̀. Bẹ́ ẹ bá ṣì í, ẹ sọ pé ẹ ṣì í, lọ́jọ́ náà gan-an. Aṣegbé kan ò sí. Àṣepamọ́ ló wà, àṣepamọ́ ọ̀hún ló sì ń pa ẹni tó pa á mọ́. Bàbá Dírẹ́bà, ẹ jọ̀ọ́. Ìyá Ìbejì, mo bẹ̀ ọ́."

Ìyàwó rẹ̀ gbé e síta bó ṣe wà. Èébú dé, ó tọ́ sí i. Bàbá Dírẹ́bà ránṣẹ́: "Mo gbọ́. Mi ò tíì mọ ohun tí mo máa sọ. Lọ tọ́jú ara rẹ ná."

Lọ́jọ́ Ajé, bó ṣe ń palẹ̀ ṣọ́ọ̀bù mọ́ kó tó lọ sílé ìwòsàn, fóònù dún.

"Ẹ̀gbọ́n."

Ó mọ ohùn náà. "Àbúrò mi, mo..."

"Ẹ má tíì bẹ̀ mí. Kóòdù mi ni mò ń béèrè. Ṣé kò sóhun tó ṣe é?"

"Kò sóhun tó ṣe é."

"Rárá?"

"Rárá. Iṣẹ́ rẹ pé."

Obìnrin náà pe ọkọ rẹ̀. Ọkùnrin náà ń gbọ́ ariwo àwọn ọmọ tó ti dàgbà lẹ́yìn obìnrin náà. Ó wá ní, "Ẹ dúró. Ọkọ mi rèé. Òun náà sọ nígbà yẹn pé ó ní láti jẹ́ pé mo ṣi nǹkan kan ṣe. Ẹ tún un sọ kó gbọ́."

Ó tún un sọ.

"Àwọn ọmọ náà rèé. Ẹ tún un sọ."

Ohùn rẹ̀ há, ó gbìyànjú, ó tún un sọ: iṣẹ́ ìyá yín pé, kò sóhun tó ṣe é. Obìnrin náà ò sọ pé òun dárí jì í. Ó ń sunkún ní ìhà ọ̀hún, ẹkún ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá láre. Ọkùnrin náà di fóònù mú, ó ń gbọ́ ọ, títí obìnrin náà fi gbé tirẹ̀ kalẹ̀.