Ìkúnlẹ̀ Àbídèmí

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin ará ẹgbẹ́ ṣẹ́ẹ̀sì wa l'Óṣogbo. Òótọ́ tí mo fi sábẹ́ ìrọ̀rí láti ọdún méje kì í jẹ́ kí n sùn mọ́. Rọpárọsẹ̀ ti mú ọwọ́ tí mo fi ń ta ṣẹ́ẹ̀sì. Kó tó mú ẹnu, ẹ jẹ́ n sọ ọ́. Èmi Fọláránmi tí ẹ̀ ń pè ní Bàbá Ẹgbẹ́, ọ̀dàlẹ̀ ni mí.

Ẹ rántí àṣekágbá ìdíje tí Kàmál wa yìí ti fìdí rẹmi lọ́wọ́ Ọlọ́runyọmí ará Iléṣà. Odidi ọdún kan ni Kàmál fi ṣètò bí òun yóò ṣe ṣí eré ọjọ́ náà. Nínú bọ́ọ̀sì tó ń gbé wa lọ síbi iṣẹ́ ní Àbẹ̀rẹ̀ la ti ń dán an wò láràárọ̀, èmi, òun àti Àbídèmí, ọmọbìnrin ọ́fíìsì wa, pátákó kékeré lórí itan. Nígbà kejì tó bá sún ọmọ, Kàmál á ti ọmọ ogun iwájú bíṣọ́ọ̀bù ọba rẹ̀ síta, bí ìgbà téèyàn fi ẹja sẹ́nu tàkúté. Ẹni tó bá jẹ ẹ́ ti kó sí i nìyẹn.

Ìlara ló pa mí. Kàmál ti borí mi kó tó dé àṣekágbá, lójú gbogbo yín, èmi tí mo kọ́ ọ. Mo pe Ọlọ́runyọmí lórí fóònù, mo ní, "Má jẹ ẹ́. Ọmọ ogun iwájú ayaba rẹ ni kó o fi pàdé rẹ̀." Kó tó sún ọmọ nígbà ogún, Kàmál ti fọwọ́ ti ọba ara rẹ̀ ṣubú pé òun gbà fún un. Àgbàyà ni mí, àbí? Ẹ dúró ná, ẹ ò tíì gbọ́ èyí tó burú jù.

Kàmál ní ẹnì kan ti tú àṣírí ètò òun, àwa mẹ́ta péré la sì mọ̀ ọ́n. Ó bi mí, mo ní kó má fi ọ̀rọ̀ sí mi lẹ́nu, mo wá yíjú wo Àbídèmí. Ìwò yẹn ti tó. Ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé ni, kì í já àgbà nírọ́. Ńṣe ló kúnlẹ̀ fún Kàmál.

"Ẹ má bínú, sà."

Ẹ̀bẹ̀ tí à ń bẹ àgbà kí inú rẹ̀ lè rọ̀ ni o, à báà jẹ̀bi, à báà má jẹ̀bi. Kàmál gbà pé ó jẹ́wọ́ ni. Mo mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀, mo panu mọ́. Ẹ lé e kúrò nínú ẹgbẹ́. Kò ta ṣẹ́ẹ̀sì mọ́ láti ọjọ́ náà, òun tó mọ̀ ọ́n ta ju gbogbo wa lọ.

Níjẹta, ó wá kí mi láti Ifẹ̀wàrà tó ti ń kọ́ni. Ó kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn yìí, ó ń fi ṣíbí bu ògì sí mi lẹ́nu. Mo fẹ́ sọ ọ́, ojú tì mí.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má ṣe jẹ́ kí ọmọlọ́mọ kúnlẹ̀ nítorí ẹ̀ṣẹ̀ yín. Kàmál, má tíì dárí jì mí. Bá mi pe Àbídèmí padà. Tó bá dé, kí ẹ gbé mi sọ̀ kalẹ̀, kí ẹ di apá mi mú, kí èmi náà kúnlẹ̀ fún un.