Òkúta Tí Wọn Kò Sọ Sínú Igbá fún Mi

Ìbùkún, dúró ná. Tún un wí. O ní kọ̀ǹpútà máa ń ka iye ọwọ́, ìyẹn iye ètò, tí ó di nǹkan kan mú nínú rẹ̀. Bí ó bá ku ọwọ́ kan ṣoṣo, ẹni tí ó ni ọwọ́ náà lè yí nǹkan ọ̀hún padà, kódà ó lè pa á rẹ́, láìbéèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni... nítorí pé òun nìkan ló kù. Ó yé mi. Ìṣirò ni mo kà ní yunifásítì. N kò rí àṣìṣe nínú òfin yẹn. Síbẹ̀, bí o ti ń sọ ọ́, ara mi bù máṣọ.

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ọdún díẹ̀ lẹ́yìn tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn sọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́, pákó gígùn kan ni ìdílé wa fi ń sọdá odò lọ sí oko kòkó. Bí òjò bá rọ̀, omi a kún lójijì, a sì gbé pákó lọ. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ti oko dé kẹ́yìn ní láti fi okùn fà á gun ilẹ̀. Báwo ni yóò ṣe mọ̀ pé òun ló kẹ́yìn? Gbọ́... Igbá kan wà létí odò, lápá ìlú. Bí o bá ń lọ, o sọ òkúta kan sínú rẹ̀. Bí o bá dé, o mú ọ̀kan. Bí o bá bá òkúta kan péré níbẹ̀, tìrẹ ni. Pákó di tìrẹ, fà á. Ta ni o tún fẹ́ bi?

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, èmi, ìyá bàbá mi, àti Àǹtí Sìkírá, ìyàwó àbúrò bàbá mi, jọ dé etí odò. Ìyá àgbà sọ òkúta tirẹ̀. Àǹtí sọ tirẹ̀, ó tún ṣa ọ̀kan sí i fún mi.

"Ìyá, ti Àbẹ̀kẹ́ rèé."

Ìyá àgbà gbá a lọ́wọ́. "Ṣé ewúrẹ́ ni ọmọ mi ni, tí o fi ń kà á? Ọmọ mẹ́ta ni mo ti sin. N kò ní dúró létí odò kí n máa ka àwọn tó kù."

Àǹtí rẹ́rìn-ín. "Ẹni tó ń jẹ ìkọ́kọrẹ́ ju ọkọ mi lọ, òun lẹ ní kí n má kà?"

Ṣùgbọ́n ó ju òkúta náà nù. Ẹni mẹ́ta sọdá, òkúta méjì.

Ní ìrọ̀lẹ́, ojú ọ̀run ṣú. Ìyá àgbà gbé ẹrù rẹ̀ ṣáájú, ó ní kí n bá Àǹtí bọ̀. Àǹtí wà lẹ́yìn ahéré, kò gbọ́. Èmi náà rí ìgbín, mo ń ṣà wọ́n wọ inú igbó... Àǹtí rò pé mo ti bá Ìyá àgbà lọ. Ó dé ẹ̀bá igbá, ó wò ó: òkúta kan. Ó fa pákó.

Mo dé bèbè odò, mo rí pákó ní òdìkejì. Òjò ti dé. Omi pọ́n, ó ń ru, ó ń gbé igi lọ. Mo kígbe, n kò gbọ́ ohùn ara mi. Omi dé ọrùn ẹsẹ̀ mi; mo fà sẹ́yìn, ó tẹ̀ lé mi. Ṣé o mọ ohun tó bà mí lẹ́rù jù? Kì í ṣe omi. Mo rò pé kò sí ẹni tí yóò wá mi. Nínú igbá, gbogbo wa ti délé.

Nílé, Ìyá àgbà béèrè: "Sìkírá, ọmọ mi dà?"

"Ṣebí ẹ̀yin lẹ mú un lọ!"

Àǹtí sọ fún mi lẹ́yìn náà pé ọjọ́ yẹn ni òun kọ́kọ́ rí Ìyá àgbà tó sáré. Wọ́n ti pákó padà sórí omi. Bàbá mi so okùn mọ́ ìdí, ó rá wá gbé mi. Eyín rẹ̀ ń gbá ara wọn.

Nígbà tí a tún ń lọ sí oko, Ìyá àgbà fi òkúta kan lé mi lọ́wọ́. "Ìwọ fúnra rẹ ni kí o sọ ọ́. N kò fẹ́ rí i." Ó kọ ẹ̀yìn sí mi títí mo fi sọ ọ́.

Lóde òní, ẹ̀rọ ló ń bá yín kà. O ní kì í gbàgbé. Àǹtí Sìkírá náà kò gbàgbé ohunkóhun, ọmọ mi. Òkúta tó bá níbẹ̀ ló kà. Jọ̀wọ́, kí o tó pa nǹkan rẹ́ nítorí pé ìwọ nìkan ló kù, kọ́kọ́ wádìí ẹni tí wọn kò kà láti àárọ̀. Ó lè wà ní òdìkejì, kí ó máa kígbe.